Ta Ló Ni Àjẹkù Igbó?

Àjẹkù igbó ni ohun gbogbo tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá gé igi tán, tí wọ́n sì gbé gẹdú lọ: ẹ̀ka, ṣóńṣó igi, ewé, èèpo, kùkùté, lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ lẹ́nu ayùn níbi ìlagi, títí dórí omi dúdú tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń se igi kó tó di bébà. Ní àríwá Yúróòpù, pàápàá ní Finland àti Sweden, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń sọ irú àjẹkù bẹ́ẹ̀ di dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ ń lò. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ kẹ́mísírì ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò lè dáhùn. Kí oúnjẹ tó di àjẹkù, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kù. Ta ló jẹ oúnjẹ igbó kù? Ta ló ń dúró de èyí tó kù? Bí ẹnìkan bá sì ní ẹ̀tọ́ láti kó o, ṣé ó lè kó o tán?

Ọ̀rọ̀ ohun-ìní wà nínú ìbéèrè yìí, ọ̀rọ̀ gbèsè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ipò ọmọ ènìyàn láàárín ẹ̀dá yòókù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí fi ní ohun tí wọ́n lè sọ sí i. Àmọ́ kí ìdáhùn tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó yẹ kí ọ̀nà tí igi ń gbà di epo kọ́kọ́ yé ni.

Bí igi ṣe ń di epo

Ọjọ́ ti pẹ́ tí igi ti ń gbé ọkọ̀ rìn. Ní àwọn ọdún 1920, Georges Imbert, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìkòkò onírin kan tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀. Wọ́n á kó èérún igi sínú rẹ̀, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á sì dín afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kù kí igi náà má baà jó tán. Gáàsì tó bá jáde ni ẹ́ńjìnnì ń lò dípò bẹntiróòlù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí epo di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Jámánì, nǹkan bí 500,000 ọkọ̀ ló ń fi gáàsì igi rìn níbẹ̀ kí ogun tó parí. Nígbà tí ogun tán, tí epo rọ̀bì padà wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, wọ́n tú ìkòkò náà kúrò lára ọkọ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

Lóde òní, ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Èkíní tẹ̀lé ti Imbert: wọ́n á sọ igi di gáàsì, wọ́n á sì wá sọ gáàsì náà di epo ṣíṣàn. Franz Fischer àti Hans Tropsch ló rí ìdí bí gáàsì ṣe ń di epo ṣíṣàn ní ìlú Mülheim, ní Jámánì, ní ọdún 1925. Èédú ni wọ́n ń lò nígbà náà, ṣùgbọ́n gáàsì tó bá ti ara igi jáde ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà kejì ni ti ṣúgà. Ohun mẹ́ta pàtàkì ló para pọ̀ di igi: cellulose, tó máa ń tó ìdá méjì nínú márùn-ún tàbí kó lé, hemicellulose, àti lignin, tó dà bí àtè tó lẹ méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ní ọdún 1819, Henri Braconnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ásíìdì lè tú cellulose palẹ̀ di ṣúgà. Bí ṣúgà bá ti wà, ìwúkàrà á sọ ọ́ di ọtí líle, ọtí líle náà sì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà kẹta ló jẹ mọ́ bébà. Nígbà tí wọ́n bá ń se igi páìnì pẹ̀lú sódà líle àti èròjà sọ́fọ̀ nínú ìkòkò ńlá, cellulose á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ di ògì tí wọ́n fi ń ṣe bébà. Lignin á bọ́ sínú omi, omi náà á sì dúdú. Ọ̀rá tó wà lára igi á di ọṣẹ, á léfòó sójú omi dúdú yìí. Wọ́n á gbọ́n ọṣẹ náà kúrò, wọ́n á da ásíìdì sí i, epo kan tó ki, tó sì dúdú á wá jáde. Tall ni àwọn ará Sweden ń pe igi páìnì, ibẹ̀ ni epo náà ti gba orúkọ rẹ̀: tall oil. Ògì tọ́ọ̀nù kan kì í sábà mú ju kílò 30 sí 50 epo yìí wá. Ní ìlú Piteå ní Sweden, wọ́n ti ń fi í ṣe dísẹ́ẹ̀lì láti ọdún 2010. Ní Lappeenranta ní Finland, létí adágún Saimaa, ilé-iṣẹ́ UPM bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí 130,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ Choren, tó tọ ọ̀nà àkọ́kọ́, kọ́ ibùdó ńlá kan sí Freiberg ní Jámánì, olórí ìjọba ilẹ̀ náà nígbà náà, Angela Merkel, sì wà níbi ìṣíde rẹ̀ ní ọdún 2008; nígbà tó di 2011, gbèsè ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. KiOR, ilé-iṣẹ́ epo igi mìíràn ní Mississippi ní Amẹ́ríkà, wọ gbèsè ní ọdún 2014. Ibùdó GoBiGas ní ìlú Gothenburg ní Sweden ń sọ igi di gáàsì láìsí wàhálà ẹ̀rọ tó pọ̀, síbẹ̀ wọ́n tì í ní 2018 nítorí pé owó tí ọjà ń san kò tó ohun tí wọ́n ń ná. Tall oil dúró ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ó ti wà nínú ìkòkò ilé-iṣẹ́ bébà kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi í ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ka igi fọ́n káàkiri inú igbó, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó wà ní tútù sì jẹ́ omi; ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti lọ bá a níbi tó wà, kó ṣà á, kó gbé e, kó gbẹ ẹ́. Àjẹkù kan wà lọ́wọ́, òmíràn ṣì wà nínú igbó. Ìyàtọ̀ yìí, tó kọ́kọ́ hàn nínú owó, yóò tún hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́.

Orúkọ àti òfin

Ohun tí òfin bá pè ní àjẹkù ló ń pinnu èrè tó wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin lórí agbára tí kì í tán nílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ka epo ọkọ̀ tó bá ti ara ìdọ̀tí, àjẹkù àti igi jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìṣirò tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá. Òfin ọdún 2018 tó rọ́pò rẹ̀ to àjẹkù igbó lẹ́sẹẹsẹ nínú àfikún kẹsàn-án: èèpo, ẹ̀ka, ewé, ṣóńṣó igi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé kí àwọn yòókù lè ráyè, lẹ́búlẹ́bú, omi dúdú, lignin àti tall oil. Lítà kan tó wọ inú táǹkì ọkọ̀ lè di méjì nínú ìwé. Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ. Nínú òfin yìí, orúkọ ń ro igi.

Òfin náà tún sọ ohun tó jẹ́ àjẹkù. Ó ní àjẹkù ni ohun tí kì í ṣe òun gan-an ni iṣẹ́ ń wá, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà kó lè rí i. Ìtumọ̀ yìí yẹ ní wíwò dáadáa, nítorí pé inú ọkàn ènìyàn ló fi ìdí rẹ̀ sí. Ẹ̀ka méjì lè ti ara igi kan náà wá, kí wọ́n gùn bákan náà, kí wọ́n wúwo bákan náà. Bí ó bá jẹ́ pé pákó ni agégẹdú ń wá, àjẹkù ni ẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka ló ń wá, ọjà ni. Èrò ọkàn kì í sì í dúró lójú kan. Bí owó ẹ̀ka bá gòkè lónìí, ta ni yóò búra lọ́la pé kò sí èrò ẹ̀ka lọ́kàn òun nígbà tí òun gbé ayùn sí ìdí igi? Owó tó yẹ kó tẹ̀lé àjẹkù lè di ohun tó ń bí àjẹkù.

Tall oil fúnra rẹ̀ ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Kí ó tó di epo ọkọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ti ń fi í ṣe àtè ìlẹ̀wé, yíǹkì àti ọ̀dà. Nígbà tí òfin kà á mọ́ àjẹkù, tí èrè sì wọ orí epo, àwọn ilé-iṣẹ́ yìí fárí gá pé wọ́n ń fi orúkọ gba ohun iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lójú wọn, ọjà ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìhà méjèèjì ní ẹ̀rí, nítorí pé jíjẹ́ àjẹkù kò sí lára igi bí àwọ̀ tàbí ìwọ̀n ṣe wà lára rẹ̀. Ó jọ jíjẹ́ àlejò. Bí ènìyàn bá yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní rí àlejò kankan níbẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ló ń sọni di àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ojú ẹni tó jẹun tán ló ń sọ oúnjẹ di àjẹkù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjẹkù ni nǹkan kan gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó kù tí kò tíì jẹun.

Àwọn tó ń jẹun lẹ́yìn agégẹdú

Nínú igbó Finland, àwọn tí kò tíì jẹun pọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá fojú bù ú pé ẹ̀yà 4,000 sí 5,000 ni ìgbésí ayé wọn rọ̀ mọ́ igi òkú níbẹ̀: kòkòrò abìyẹ́, olú, èbù, àti àwọn tó ń jẹ wọ́n. Iye yìí tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún gbogbo ẹ̀yà tó ń gbé inú igbó ilẹ̀ náà. Ẹyẹ àkókó ẹlẹ́yìn funfun ń yọ ìdin kòkòrò nínú igi gbígbẹ tó ti ń jẹrà. Níbi tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti wọ́n, àkókó náà ti dín kù gan-an. Igi tó ṣubú tún jẹ́ ibùsùn fún irúgbìn tuntun, ó ń fa omi mọ́ra nígbà òjò, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ọ̀dá.

Ilẹ̀ pàápàá wà lára àwọn tó ń dúró. Inú ewé àti ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ èròjà tó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun máa ń wà, kò pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtì igi. Àgbẹ̀ Yorùbá tó ń fi ewé àti koríko sílẹ̀ lóko kó jẹrà mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé. Bí wọ́n bá ṣa ewé àti ẹ̀ka kúrò lẹ́yìn ìgégi, igi tó bá hù tẹ̀lé e lè má tètè dàgbà bó ṣe yẹ. Kùkùté tilẹ̀ burú jù láti kó, nítorí pé ẹni tó hú u tú ilẹ̀ tó yí i ká pẹ̀lú. Ní Finland, ìgbà kan wà tí wọ́n ń hú kùkùté igi spruce lọ́pọ̀ yanturu fún ìdáná ilé-iṣẹ́.

Síbẹ̀, àjẹkù mìíràn wà tí kò rí ẹni jẹ ẹ́. Ní Okobaba, ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà láti ọdún pípẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó ti ga bí òkè. Wọ́n ń dáná sun ún, èéfín ń wọ ilé àwọn ará àdúgbò, òmíràn sì ń ya sínú omi. Kòkòrò tó ń jẹ igi òkú kò sí létí ọ̀sà yẹn, ilẹ̀ igbó tó yẹ kó padà sí sì jìnnà réré. Ẹni tó bá sọ irú lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀ di epo kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó mú ìpalára kúrò ni. Àjẹkù tó kúrò nínú igbó kò lè tún bọ́ àwọn ará igbó mọ́.

Òfin méjì tó dà bí ẹni ń jà

Nínú ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀sìn, ohùn méjì ló ń jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn kan ní kí ènìyàn má fi nǹkan ṣòfò. Ohùn kejì ní kó má kó o tán.

Ohùn àkọ́kọ́ wà nínú ìwé Deutarónómì orí 20, níbi tí Mósè ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun pé bí wọ́n bá dó ti ìlú, wọn kò gbọ́dọ̀ fi àáké gé igi eléso rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn olùkọ́ Júù tó dé lẹ́yìn mú òfin yìí gbòòrò títí tó fi kan gbogbo ìparun tí kò nídìí: oúnjẹ, aṣọ, ilé, àti epo fìtílà. Nínú Àl-Kùránì, Sura Al-An'am ẹsẹ 141 pa á láṣẹ pé kí wọ́n jẹ nínú èso, kí wọ́n yọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè, kí wọ́n má sì ṣe àṣejù, nítorí Ọlọ́run kò fẹ́ràn àwọn aláṣejù. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yìí nìkan lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ẹ̀ka sílẹ̀ nínú igbó kó jẹrà nígbà tí ọkọ̀ ń wá epo.

Ṣùgbọ́n Léfítíkù orí 19 ní kí àgbẹ̀ má ṣe kórè dé igun oko rẹ̀, kó má sì padà ṣa èyí tó já bọ́. Ti tálákà àti ti àlejò ni. Lórí òfin yìí ni Rúùtù, obìnrin Móábù, ṣe rí ọkà ṣà lẹ́yìn àwọn olùkórè ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Nínú Míṣínà, àwọn olùkọ́ Júù sọ iye tí igun náà kò gbọ́dọ̀ dín sí: ìdá kan nínú 60 oko. Kókó tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bọ́ sílẹ̀ kò di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rí i, kò sì di ti olóko padà. Ó ti ní olówó rẹ̀ kí ó tó bọ́. Ẹsẹ Àl-Kùránì tó kọ àṣejù náà fi ẹ̀tọ́ ọjọ́ ìkórè ṣáájú rẹ̀, hàdíìsì Ànábì kan sì kọ́ni pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, ohunkóhun tí ènìyàn, ẹranko tàbí ẹyẹ bá jẹ nínú rẹ̀ di sàráà fún un. A jẹ́ pé ẹyẹ wà lára àwọn tí a lè tọrẹ fún.

Finland ní ti tirẹ̀. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ará ibẹ̀ gbà pé Tapio ló ni igbó. Ọdẹ tó bá fẹ́ rí ẹran pa ní láti bẹ̀ ẹ́, bó bá sì pa ẹran, á gbé díẹ̀ lé orí igi spruce kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tábìlì Tapio ni wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1907, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gba àwọn onígbó nímọ̀ràn sílẹ̀, orúkọ òrìṣà yìí ni wọ́n sọ ọ́. Ìwé ìlànà tó ti ọ̀dọ̀ Tapio ti òde òní yìí jáde lórí ẹ̀ka tí wọ́n ń ṣà fún agbára dá a lábàá pé kí wọ́n fi ó kéré tán 30 nínú ọgọ́rùn-ún àjẹkù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé igi. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀dá ló ṣe ìṣirò náà, wọn kò sì fi ẹbọ kún un. Síbẹ̀, ibi tí ọdẹ ìgbàanì dé náà ni wọ́n dé: apá kan wà lórí tábìlì tí kì í ṣe ti ènìyàn.

Irú èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Agégẹdú ayé àtijọ́ kì í ṣàdédé gbé àáké sí ìdí ìrókò láìṣe ètùtù, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, igi gígé àti ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹkù jù lọ ni ìyẹ̀rẹ̀òsùn, ìyẹ̀fun tí babaláwo ń tẹ Ifá lé lórí ọpọ́n. Igi ìrosùn tó ti kú ni kòkòrò ń jẹ, ohun tó bá sì dà sílẹ̀ lẹ́nu kòkòrò ni wọ́n ń gbọ́n. Ènìyàn ló ń jẹ àjẹkù níbí, kòkòrò ló kọ́kọ́ jẹun. Ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀dá tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi wá ọ̀rọ̀ Olódùmarè.

Bí a bá gbé ohùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò jà. Òfò ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró kì í ṣe òfò, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ àlejò, ẹyẹ tàbí ilẹ̀. Ẹ̀ka tó ń jẹrà nínú igbó ń jẹ́ jíjẹ. Lẹ́búlẹ́bú tó ń jó létí ọ̀sà ni òfò.

Gbèsè àti àkókò

Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń wá epo lára igi ni kábọ́ọ̀nù. Èyí tó wà nínú epo rọ̀bì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Bí wọ́n bá sun ún, ẹrù tuntun ló jẹ́ fún òfuurufú. Èyí tó wà lára igi, inú òfuurufú ni igi ti fà á, òfuurufú náà ló sì ń padà sí, yálà igi jó tàbí ó jẹrà. Ìyàtọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni òfin Yúróòpù fi ka èéfín tó ń jáde lẹ́nu ọkọ̀ tó ń lo irú epo yìí sí òdo, tó sì béèrè pé kí epo tó bá jáde láti ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2021 dín ìpalára kù ní 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sí ti epo rọ̀bì.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni àkókò. Iná máa ń tú kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìjẹrà máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹrà láàárín ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹni tó sun ún kàn ṣáájú àkókò díẹ̀ ni. Kùkùté lè lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Odidi igi spruce ní Finland sábà máa ń lo ọdún 60 sí 100 kó tó tó gé, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì pẹ́ tó kí òmíràn tó fa kábọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Ní ọdún 2009, Timothy Searchinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Science pé òdo tí wọ́n ń kọ síbi èéfín tọ̀nà kìkì bí wọ́n bá ka igi tó dín kù nínú ìwé ti ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kà á níbẹ̀, gbèsè ti fara sin. Ìwé Finland fúnra rẹ̀ fi ìyẹn hàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilẹ̀ àti igbó rẹ̀ ń fa kábọ́ọ̀nù ju èyí tó ń tú jáde lọ. Ní ọdún 2021, nítorí igi gígé tó pọ̀ àti ìdàgbà igi tó rọra, ìṣirò yí padà: ẹ̀ka ilẹ̀ lápapọ̀ tú jáde ju ohun tó fà lọ.

Ìlú Freiberg kan náà tí Choren ti wọ gbèsè ni Hans Carl von Carlowitz ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn. Alábòójútó iṣẹ́ ìwakùsà ni, ó sì rí i pé iná tí wọ́n fi ń yọ́ fàdákà ń jẹ igbó tán. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1713, ó ní kí wọ́n má gé ju èyí tó ń hù lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n ni ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n igi nìkan ni ó kà. Kò ka kòkòrò, kò sì lè ka kábọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbin igi kan dípò kan ti san gbèsè Carlowitz. Kò tíì san ti afẹ́fẹ́, títí igi náà yóò fi dàgbà. Láàárín ìgbà náà, ọmọ tí wọn kò tíì bí ni onígbọ̀wọ́. Kò bá wọn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yá owó náà.

Òṣùwọ̀n ìdájọ́

Àwọn tó fara mọ́ epo igi ní èsì kan tó lágbára. Wọ́n ní kò sí epo tí kò ní àléébù, àti pé ẹni tó bá kọ àjẹkù igbó, epo rọ̀bì ni yóò máa lò lọ. Èsì náà ṣeé gbà dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n iye ohun tó wà nílẹ̀ ń bá a jà. Bí ilé-iṣẹ́ Lappeenranta bá ṣiṣẹ́ ní kíkún fún ọdún kan gbáko, epo tó máa jáde kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan àgbá lọ. Gbogbo ayé ń lo nǹkan bí 100 mílíọ̀nù àgbá lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ọdún kan náà kò ju ohun tí ayé ń jó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní fífi sí ibi tí kò sí ọ̀nà mìíràn, irú bí ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ òkun, tí bátìrì kò tíì lè gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó tó fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àjẹkù kò ní tó, ìtì igi ni yóò kàn.

Nínú gbogbo èyí, ìbéèrè mẹ́ta ló yọ tí a lè fi díwọ̀n àjẹkù kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń dúró láti jẹ ẹ́? Ọdún mélòó ni yóò gbà kí gbèsè rẹ̀ tó san? Kí ni wọ́n fẹ́ fi epo náà ṣe? Lẹ́búlẹ́bú tí kò ní ẹni tó ń lò ó, tó ń jó lásán, yege nínú méjì àkọ́kọ́. Tall oil yege pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti fún àwọn tó ń fi í ṣe àtè àti ọ̀dà ní ìpín wọn. Ẹ̀ka yege dé ibi tí ìlànà Tapio fi ààlà sí, ohun tó bá kù lẹ́yìn ààlà náà ti ní olówó. Kùkùté kò yege, nítorí pé ilẹ̀ àti ẹ̀dá tó ń gbé inú rẹ̀ pọ̀ jù, gbèsè rẹ̀ sì pẹ́ jù. Ní ti odidi ìtì tí wọ́n bá kọ orúkọ àjẹkù sí lára kó lè rí owó òfin gbà, kò sí ìdí láti gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ ẹ́ kù. Igi ni.